Amelia Earhart, awakọ̀ òfurufú tí ìjàm̀bá Honolulu kò dá padà

Ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Amelia Earhart sí lọ́dún 1897. Lọ́dún 1932, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dá nìkan wa bàálù kọjá òkun Àtìláńtíìkì.

Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1937, níbi tó ti ń sáré àtigbéra ní Honolulu fún ìrìnàjò yíká ayé, bàálù rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó pòyì, ẹsẹ̀ bàálù náà sì kán. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Wọ́n tún bàálù náà ṣe. Lóṣù Kẹfà, ó gbéra ní Miami, ó gba Bràsíl wọ Saint-Louis àti Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì kọjá sí Gao.

Lọ́jọ́ 2 oṣù Keje, òun àti Fred Noonan, atọ́nà rẹ̀, pòórá lórí òkun Pàsífíìkì. Ó ku ọjọ́ 22 kó pé ẹni 40 ọdún.