Ousmane Sembène: Ẹni Tó Sọ Sinimá di Ilé Ẹ̀kọ́ Alẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó bá kẹ́yìn oṣù, àwa akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ máa ń pàdé ní ilé tíì kékeré kan lẹ́yìn ọgbà yunifásítì láti wo fíìmù tó dá lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú. A ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, a ó yá pirojẹ́kítọ̀, Ìyá tó ni ilé tíì náà á sì bá wa pa iná. Bí fíìmù bá ti parí, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń ṣe é. Lóṣù tó kọjá, Mandabi la wò, fíìmù tí Ousmane Sembène gbé jáde ní 1968. Bí a ṣe ń da Gẹ̀ẹ́sì bo ara wa, Ìyá béèrè ohun tí wọ́n ń bi bàbá inú fíìmù yẹn tí kò fi rí owó rẹ̀ gbà. Ọ̀kan nínú wa ṣàlàyé fún un ní Yorùbá. Ni Ìyá bá fa àga, ó jókòó, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe kọ orúkọ tirẹ̀ lọ́nà méjì sórí káàdì méjì, tí ó fi odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí ó ń bọ̀, kí wọ́n tó fún un ní owó tó fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ. Kò sẹ́ni tó tún sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Irú alẹ́ yẹn gan-an ni ẹni tó ṣe fíìmù náà fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ọdún 1923 ni wọ́n bí Sembène ní ìlú Ziguinchor, ní agbègbè Casamance ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ibẹ̀. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Faransé, àmọ́ ìjà dé láàárín òun àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì lé e. Kò tún padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí òkun, ṣùgbọ́n òkun kò gbà á, èébì ló ń bì ṣáá nínú ọkọ̀. Ní 1938, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní Dakar. Níbẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, tó tún ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bí owó díẹ̀ bá wọlé, sinimá ló máa ń bá a lọ.

Ní 1944, wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun àwọn Faransé, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ kìíní, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn sójà ọmọ Áfíríkà ní àgọ́ Thiaroye, lẹ́bàá Dakar. Àwọn sójà yìí ti bá Faransé jagun, àwọn Jámánì ti mú wọn nígbèkùn, wọ́n padà délé, wọ́n sì ń béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ìbọn ni wọ́n fi san án fún wọn. Sembène kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí.

Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Dakar. Ní oṣù Kẹwàá 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tó lọ láti Dakar dé Bamako bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó wọ inú ọdún 1948. Láàárín àkókò yìí ni Sembène wá ọ̀nà kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Ìlú Marseille ló fìdí kalẹ̀ sí, tó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣe alárùú ní èbúté. Iṣẹ́ ẹrù rírù yìí ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ìjàǹbá ibi iṣẹ́ sì dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n èbúté yìí náà ló di yunifásítì rẹ̀. Ó wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Faransé ní 1950. Ọdún yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Marseille kọ̀ láti máa kó ohun ìjà sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ogun Indochina. Ilé ìkàwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ti ń yá ìwé, tó ń kà á. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ẹ̀kọ́ wá di òǹkọ̀wé. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Le Docker noir, jáde ní 1956. Ní 1960, ó gbé Les Bouts de bois de Dieu jáde, ìtàn ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin yẹn, níbi tí àwọn obìnrin ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Thiès dé Dakar.

Ọdún tí ìwé yìí jáde ni Sẹ̀nẹ̀gà gba òmìnira. Sembène padà sílé, ó sì rìn káàkiri Áfíríkà. Ohun tó rí kó ìrònú bá a. Àwọn tó fi ìwé rẹ̀ sọ ìtàn wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lè kà á. Faransé ló fi kọ ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, àwọn apẹja, àwọn obìnrin ọjà, Wolof, Pulaar, Jola àti Bambara ni wọ́n ń sọ. Ìwé rẹ̀ ń yí lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó wá rò ó pé bí ènìyàn kò bá lè ka ìwé, ó lè wo àwòrán, ó sì lè gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ní 1962, nígbà tó ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, ó lọ sí Moscow, ó sì kọ́ iṣẹ́ fíìmù lọ́dọ̀ Mark Donskoy ní Gorky Studio.

Ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe pé ọmọ Áfíríkà kò fẹ́ ṣe fíìmù kí Sembène tó dé. Láti 1934, òfin àwọn Faransé ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso láìgba àṣẹ. Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní 1925, kò lè ya fíìmù sílé. Paris ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe Afrique-sur-Seine ní 1955. Vieyra yìí ló wá di ẹni tó ń bá Sembène ṣètò iṣẹ́ fíìmù lẹ́yìn náà, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀.

Ní 1963, Sembène gbé Borom Sarret jáde. Fíìmù náà kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rù èrò ní Dakar ni ìtàn dá lé lórí. Ó fi owó tó pa láàárọ̀ fún onírárà tó ń ki oríkì àwọn baba ńlá rẹ̀. Nígbà tó gbé èrò lọ sí àdúgbò àwọn olówó, ọlọ́pàá gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì padà délé lọ́wọ́ òfo. Ní 1966, ó ṣe La Noire de..., ìtàn Diouana, ọmọ Dakar tí àwọn òyìnbó kan mú lọ sí Antibes láti bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, tí wọ́n sọ ọ́ di ẹrú títí ó fi gbẹ̀mí ara rẹ̀. Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn Jean Vigo ní Faransé.

Síbẹ̀, ohun kan kò tíì tọ́. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù méjèèjì. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Dakar ń fi èdè Paris ronú! Mandabi ni Sembène fi tún un ṣe. Nítorí pé owó tí ó gbà láti Faransé wà nínú iṣẹ́ náà, ó ya fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Wolof. Ti Wolof ló di ìlúmọ̀ọ́ká. Ìtàn Ibrahima Dieng ni, bàbá tí kò níṣẹ́, tó ní ìyàwó méjì àti ọmọ méje. Ọmọ ìbátan rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ní Paris fi owó ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Kí ó tó gba owó, ó gbọ́dọ̀ ní káàdì ìdánimọ̀; kí ó tó gba káàdì, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ọjọ́ ìbí; kí ó tó gba ìwé ọjọ́ ìbí, ó gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Faransé ni gbogbo ìwé náà, Dieng kò sì lè kà á. Nígbẹ̀yìn, ẹbí rẹ̀ kan tó mọ̀wé ló gba owó náà jẹ.

Sembène kò dúró ní Dakar kí àwọn ènìyàn wá bá fíìmù náà. Ó ń gbé fíìmù rẹ̀ lọ sí àwọn ìlú àti abúlé, ó ń fi í hàn lálẹ́, bí iná bá sì tàn, òun àtàwọn òǹwòran á jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n wò. Lójú tirẹ̀, fíìmù kò tíì parí títí àwọn tó wò ó yóò fi dá sí i. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ fún àgbàlagbà ló ka sinimá sí. Ó tún wà lára àwọn tó dá àjọ̀dún fíìmù Ouagadougou sílẹ̀ ní 1969, èyí tí a mọ̀ sí FESPACO lónìí.

Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdá-èdè ló yẹ kí ibi tó kàn yìí dùn mọ́ jù. Ní 1971, Sembène àti onímọ̀ èdè Pathé Diagne dá ìwé ìròyìn Kaddu sílẹ̀, Wolof ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní 1975, ó ṣe Xala, níbi tí ó ti fi àwọn olówó tuntun tó gba ipò òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá olówó inú fíìmù ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ Faransé, ọmọ náà ń fi Wolof dá a lóhùn. Ìjọba gé àwọn ibì kan kúrò nínú fíìmù náà. Sembène tẹ ìwé pélébé, ó sì pín in fún àwọn òǹwòran kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n gé.

Lẹ́yìn náà ni Ceddo dé, ní 1977. Fíìmù yìí sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó kọ̀ láti gba ẹ̀sìn tuntun ní ayé àtijọ́, àti bí ẹ̀sìn, òwò ẹrú àti agbára ọba ṣe lọ́ mọ́ ara wọn. Ìjọba Ààrẹ Senghor fi òfin dè é. Ìdí tí wọ́n sọ fún gbogbo ayé ni pé àkọtọ́ orúkọ rẹ̀ kò tọ̀nà! Òfin àkọtọ́ Wolof tí ìjọba gbé jáde ní kí wọ́n fi d kan ṣoṣo kọ ọ̀rọ̀ náà; Sembène ní d méjì ni. Nínú Wolof, kọ́ńsónáǹtì kúkúrú àti èyí tó gùn máa ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. Gëm ni kí ènìyàn gbàgbọ́, gëmm ni kí ènìyàn di ojú. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àríwísí tó ṣe sí ẹ̀sìn ló ń bí wọn nínú, wọ́n kàn fi àkọtọ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni. Síbẹ̀, Sembène kò yọ d kan. Ọdún pọ̀ díẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò fi rí fíìmù náà wò. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí Senghor gbé ìjọba sílẹ̀, ní ìparí 1980.

N kò fẹ́ sọ ọ́ di òrìṣà. Faransé ló fi ń kọ ìwé ìtàn àròsọ títí lọ, owó Faransé sì wà nínú àwọn kan lára fíìmù rẹ̀. Ó mọ àwọn ìtakora yìí, ó sì ń bá wọn jà lójoojúmọ́. Ó rọrùn láti sọ pé ká máa fi èdè wa ṣiṣẹ́. Ibi tí owó iṣẹ́ náà yóò ti wá ni ìṣòro.

Ní 1988, òun àti Thierno Faty Sow gbé Camp de Thiaroye jáde, ìtàn àwọn sójà tí wọ́n pa ní 1944. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn ńlá ní Venice, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà kí àwọn ará Faransé wò ó. Ní 2004, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó gbé Moolaadé jáde, fíìmù tó yà ní abúlé kan ní Burkina Faso, ìtàn obìnrin kan tó dáàbò bo àwọn ọmọbìnrin tí kò fẹ́ kí wọ́n dábẹ́ fún wọn. Nínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin abúlé kó rédíò àwọn obìnrin jọ, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n mọ̀ pé ohùn tó bá ń sọ èdè ẹni máa ń wọni lára.

Sembène kú ní ilé rẹ̀ ní Dakar ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà 2007, lẹ́ni ọdún 84. Ilé tó kọ́ sí Yoff, létí òkun, Galle Ceddo ló sọ orúkọ rẹ̀. D méjì ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ti ṣe ìpàdé lórí alẹ́ fíìmù wa. A ti fẹnu kò pé Yorùbá ni a ó máa fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìfihàn, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, a ó túmọ̀ fún un. Xala ló kàn ní oṣù yìí. Ìyá ti ní òun yóò pe àwọn ọ̀rẹ́ òun nínú ọjà wá. Ẹ bá wa wá àga kún àga.