Fágúnwà: orúkọ tó pa tì, igbó tí kò lè pa tì

Ní Nunhead níbí, itẹ́ òkú àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1840 máa ń múni rántí ìtàn abanilẹ́rù àwọn òyìnbó, níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ kì í jẹ́ kí òkú sinmi. Àwa náà ní tiwa: Daniel Fágúnwà ló kọ ọ́.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Òkè-Igbó. Oròówọlé ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìdílé onígbàgbọ́ ló ti dàgbà. Nígbà tó yá, ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wò ó, Ifá ṣì jókòó sínú Fágúnwà.

Tíṣà ni. Ní 1938, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Nínú rẹ̀, bàbá Àkàrà-ògùn yìnbọn fún ẹranko kan. Àṣé ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ àjẹ́ ni. Kò pẹ́ tí òun náà fi kú.

Omi ló gbé Fágúnwà lọ nítòsí Bida, ní December 1963. Ó sọ irúnmọlẹ̀ di ohun ẹ̀rù, ìyẹn ń dùn wá. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ọmọ ilé-ìwé mélòó ni ì bá mọ orúkọ wọn?