Jean-Marie Vianney, Àlùfáà Tí Kò Bẹ̀rù Àìlera Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á jọ wo ìgbésí ayé ẹni mímọ́ kan tí àwọn ènìyàn kò kà sí, kí á lè mọ ibi tí ìfọ̀kànbalẹ̀ ti ń wá.

Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1786 ni a bí Jean-Marie Vianney ní Dardilly, lẹ́bàá ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó rí ìwé kọ́. Nígbà tí ó fẹ́ di àlùfáà, èdè Látìn kò yé e, sẹmínárì Lyon sì dá a padà. Abbé Balley, àlùfáà ìjọ Écully, ni ó fi sùúrù kọ́ ọ, títí a fi fi í joyè àlùfáà ní Grenoble ní ọdún 1815.

Ní ọdún 1818 a rán an lọ sí Ars, abúlé kékeré tí àwọn ará ibẹ̀ kò ju bí 230 lọ. Ó ń gbàdúrà, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù, ó sì ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn àlùfáà kan ní agbègbè náà ń gàn án. Ìtàn sọ pé wọ́n kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù pé kò mọ̀wé tó. Nígbà tí ìwé náà bọ́ sí i lọ́wọ́, òun náà fọwọ́ sí i, ó sì fi ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi kẹ́gàn rẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run tipẹ́.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò fi ìgbà gbogbo rọrùn. Ní ọdún 1843 àti 1853 ó gbìyànjú láti sá kúrò ní Ars, kí ó lè lọ dá wà, kí ó máa sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà méjèèjì ni ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1859. Pápà Pius XI kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1925, ó sì fi í ṣe alábòójútó gbogbo àlùfáà ìjọ ní ọdún 1929.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó mọ àìlera rẹ̀, tí ó sì gbà pé Ọlọ́run fẹ́ràn òun bẹ́ẹ̀, ẹ̀gàn kò lè gba àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ẹ mọ̀ nípa ara yín tí ẹ ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má baà sọ? Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Ọlọ́run.

Ẹni Mímọ́ Jean-Marie Vianney, gbàdúrà fún wa.