Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Owó Orí Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá

Ọdún 1900 ni a bí Fúnmiláyọ̀ Thomas ní Abẹ́òkúta. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ìlú náà kọ́kọ́ gbà, ní 1914. Láti 1919 títí di 1922 ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ó ti pa orúkọ ìsàmì rẹ̀, Frances Abigail, tì, tí ó di orúkọ Yorùbá rẹ̀ mú. Ní 1925 ó di aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ẹni tí ó padà wá ṣe ọ̀gá àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama náà.

Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ti àwọn ìyáàfin tí wọ́n mọ̀wé ni. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé ni wọ́n ń jíròrò lé lórí. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n kò kan ẹni tí ó ru igbá lọ sí ọjà. Nígbà tí ó di 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, ó sì wá jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó di olùkọ́. Láti ẹnu wọn ni Ìyáàfin Ransome-Kuti ti gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń gba ìrẹsì lórí àtẹ ní ìgbà ogun Hítílà, láìsan owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó orí tún burú ju èyí lọ. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin nìkan ni ń san án. Ní Abẹ́òkúta, láti 1918 ni obìnrin ti ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn agbowó-orí a máa já wọlé onílé, wọn a tilẹ̀ máa tú aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bí ó ti dàgbà tó láti san owó. Síbẹ̀ obìnrin kan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà, ní ìlú tí Tinúbú ti jẹ Ìyálóde rí! Alákè Adémọ́lá nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì kà sí aláṣẹ. Àwọn Ògbóni tí ó yẹ kí wọ́n ká ọba lọ́wọ́ kò, agbára ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní 1946 àwọn amọ̀wé àti àwọn ọlọ́jà para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyáàfin Ransome-Kuti kò wọ kaba mọ́. Ìró àti bùbá ni, Yorùbá ni ó sì ń sọ ní gbangba, kí ajẹ́lẹ̀ wá ògbufọ̀ tirẹ̀. Bí ìjọba bá fi àṣẹ ìwọ́de dù wọ́n, wọn a ní àjọ̀dún ni àwọn ń ṣe, tàbí pé àwọn kàn fẹ́ jẹun pọ̀ ní ìta. Ta ni yóò fi òfin de ẹni tí ń jẹun? Ó kọ́ wọn bí a ti ń bo ojú nígbà tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀, kò san owó orí.

Ní òpin oṣù kọkànlá 1947, obìnrin bí 10,000 yí àfin Aké ká, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń kọrin tí etí ọba kò lè gbà. Ní oṣù kejìlá wọ́n tún padà, wọn kò sì kúrò títí a fi tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a tì mọ́lé sílẹ̀. Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró, Alákè sì lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí 1949 bẹ̀rẹ̀, ó fi oyè sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ó padà sórí oyè ní òpin 1950, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ìjọba tí ó tẹ̀ lé ti Gẹ̀ẹ́sì kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bí a ti lè rò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá, ọmọ rẹ̀, ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Abẹ́òkúta ni a sin ín sí, nínú ibojì ọkọ rẹ̀, àwọn obìnrin ọjà sì ti ìsọ̀ wọn nítorí rẹ̀.