Ẹrù Ilé Rembrandt

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Bí ayé ènìyàn ti ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun tí ó kó jọ sínú ilé rẹ̀ ń bá a yí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ìgbésí ayé Rembrandt, àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Họ́láńdì.

Ní ọdún 1606 ni a bí i ní ìlú Leiden. Ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí ni baba rẹ̀ fi ń lọ ọkà. Nígbà tí Rembrandt tó bí ọmọ ọdún 25, ó ṣí lọ sí Amsterdam, ìlú tí àwọn ọkọ̀ òkun ń kó ọjà gbogbo ayé wá. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn láàárín àwọn ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1634, ó gbé Saskia, ọmọ ọlọ́lá, níyàwó.

Ìgbà ọlá yìí ni ó ń ra nǹkan kíkankíkan. Bí wọ́n bá ń ta ẹrù ní gbàǹjo, Rembrandt kì í gbẹ́yìn. Ìtàn sọ pé iye tí yóò kọ́kọ́ dá lé àwòrán rere a máa ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fi ní lè fèsì, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé iṣẹ́ ayàwòrán níyì. Ó ra àwòrán àwọn àgbà ilẹ̀ Ítálì àti ti Jámánì, ère orí àwọn ọba Róòmù, àṣíborí, idà, àti ìkarahun òkun. Kì í ṣe fáàrí nìkan ni ó fi wọ́n ṣe. Àṣíborí tí ó wà ní ilé lónìí lè wà lórí jagunjagun nínú àwòrán rẹ̀ lọ́la. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ítálì rí, ṣùgbọ́n inú ẹrù wọ̀nyí ni ó ti kọ́ ọgbọ́n àwọn àgbà ibẹ̀.

Ní ọdún 1639, ó ra ilé ńlá kan ní gílídà 13,000, owó ilẹ̀ Họ́láńdì ní ayé ìgbà náà. Kò san owó náà tán. Ìbànújẹ́ sì ń wọlé tọ̀ ọ́. Nínú ọmọ mẹ́rin tí Saskia bí fún un, Titus nìkan, tí a bí ní ọdún 1641, ni ó yè. Ní ọdún kejì, Saskia fúnra rẹ̀ kú. Nígbà tí ó yá, owó tí ń wọlé dínkù, ṣùgbọ́n Rembrandt kò dẹ́kun ríra. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ní ọdún 1656, ó sọ fún ìjọba pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Akọ̀wé wá, ó ń ti yàrá dé yàrá, ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, títí àkọsílẹ̀ náà fi ju 360 lọ. Wọ́n ta gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1658, wọ́n ta ilé náà pẹ̀lú ní gílídà 11,218. Síbẹ̀ gbèsè kò tán.

Rembrandt kó lọ sí ilé kékeré. Ní ọdún 1660, Titus àti Hendrickje, obìnrin tí ń bá a gbé lẹ́yìn ikú Saskia, dá ẹgbẹ́ òwò sílẹ̀. Wọ́n fi Rembrandt ṣe òṣìṣẹ́ wọn, kí àwọn tí ó jẹ lówó má baà gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1662, ó ta ibojì Saskia. Hendrickje kú ní ọdún 1663, Titus sì kú ní ọdún 1668.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1669, Rembrandt náà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n wá kọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá yàrá mẹ́ta tí a kó àwòrán àti ohun àtijọ́ sí. Ọkùnrin tí a ti ta gbogbo ẹrù rẹ̀ tán ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ.

Ilé ńlá rẹ̀ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1911. Àkọsílẹ̀ tí a ṣe ní ọjọ́ ìtìjú rẹ̀ ni ó di amọ̀nà fún àwọn tí ó tún yàrá rẹ̀ tò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àdánù pa ìfẹ́ tí ẹ ní sí iṣẹ́ yín.