Herbert Macaulay, ọmọ Èkó tó ń wọn ilẹ̀

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìjurìn-Èkìtì ní ìsinmi tó kọjá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo bá nílé. Àwọn kan tó ń wá òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ oníná ti fojú sí oko bàbá mi àgbà. Owó igi kòkó nìkan ni wọ́n fẹ́ san. Wọ́n ní ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Herbert Macaulay ló wá sí mi lọ́kàn, nítorí ohun tó jọ èyí ni ìjọba òyìnbó sọ ní Èkó ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1864 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ìyá rẹ̀, Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni. Àwa ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í gbọ́ orúkọ Crowther ká má yọ̀, ẹni tó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Bàbá àgbà kó ọ̀rọ̀ jọ, ọmọ-ọmọ wọn ilẹ̀. Ní 1890 ìjọba rán Macaulay lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ sọ̀fíọ̀. Ó padà dé ní 1893, ó bá ìjọba ṣiṣẹ́, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898. Láti ìgbà náà ló ti di ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ìjọba. Ní 1908, nígbà tí wọ́n ní kí ará Èkó sanwó omi ẹ̀rọ tí wọn ò bẹ̀bẹ̀ fún, ó wà lára àwọn tó ta kò ó.

Kì í ṣe ẹni tí kò lábàwọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹ̀wọ̀n, ti àkọ́kọ́ ní 1913 lórí owó ogún tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀.

Ọdún 1913 yìí náà ni ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun. Ilé ẹjọ́ Èkó ní Olúwa kì í ṣe onílẹ̀, pé ṣe ló kàn ń bójú tó o, tó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìwọ̀nba èyí ni kí wọ́n san fún un. Lójú tèmi, orí ọ̀rọ̀ ìṣe kékeré kan, *ni*, ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Lédè òyìnbó, ẹni tó ni nǹkan lè tà á bó bá ṣe wù ú. Nílé wa, bàbá mi àgbà ló ni oko, síbẹ̀ wọn ò lè tà á lẹ́yìn ẹbí. Ta ló máa ṣàlàyé èyí fún adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù? Ní 1920, Macaulay bá Olúwa lọ, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Keje 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dájọ́ pé àwùjọ ló ni ilẹ̀, àti pé iye tó tó ilẹ̀ gan-an ni kí ìjọba san: £22,500. Àwọn adájọ́ Kánádà ní 1973 àti ti Ọsirélíà ní 1992 tọ́ka sí ìdájọ́ yìí nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ pe ẹjọ́ tiwọn.

Elékòó ló forí fá a. Ìjọba ní kó sọ ní gbangba pé òun kò sí lẹ́yìn ohun tí Macaulay sọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ̀, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí oyè rẹ̀. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Kò padà títí di 1931.

Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, àmọ́ ẹ̀wọ̀n tó ti ṣe kò jẹ́ kó lè du ipò. Ní 1944 ó di ààrẹ àkọ́kọ́ NCNC. Ìrìn-àjò ẹgbẹ́ yìí ni àìsàn ti kọ lù ú ní Kánò, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1946.

Kò rí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, tó fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bí wọ́n bá gba oko lábẹ́ òfin yìí, owó ilé, igi àti irè oko ni wọ́n sábà máa ń san. Ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Mo ka ìdájọ́ 1921 fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n bá àwọn wá sọ̀fíọ̀ tó máa wọn oko náà kí ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀ tó pé.