Mohammed Shitta Bey: Oníṣòwò obì tí ìwà rẹ̀ ṣe wáàsí l'Ékòó

Lóde òní, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ wáàsí kò nílò láti jáde nílé. Tọ̀sán-tòru ni àwọn àáfà wà lórí Facebook àti YouTube, àwọn kan nínú wọn kò sì ní sọ̀rọ̀ jìnnà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹlẹ́sìn mìíràn. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láyé. Oníṣòwò obì ni. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ó ṣí mọ́sálásí tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ sí Èkó, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ọba Èkó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀tọ̀kùlú ọmọ ìjọ Kristẹni náà kò sì gbẹ́yìn.

Abúlé Waterloo ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí Mohammed Shitta, láàárín ọdún 1820 sí 1830. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró kí wọ́n lè máa gbé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí tí kò sí lóko ẹrú mọ́. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó bá ṣe ìrìbọmi, tí ó sì gba orúkọ Òyìnbó, ilé ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ń dúró dè é. Ẹni tí ó bá kọ̀, alágídí ni lójú àwọn aláṣẹ. Salu, bàbá Shitta, wà lára àwọn tí ó kọ̀. Ó di ẹ̀sìn Ìsìláàmù mú, òun àti ẹbí rẹ̀ sì lọ gbé ní Fourah Bay ní Freetown, láàárín àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Àkú.

Ní ọdún 1844, Salu kó àwọn ará ilé rẹ̀ padà sí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni ó ti di lèmọ́mù, níbẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní 1849. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Shitta àti ìyá rẹ̀ kọjá sí Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a ro ipò tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ara rẹ̀ nígbà náà. Kristẹni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Sàró tí ó ń padà wálé. Àwọn ni akọ̀wé, àwọn ni olùkọ́, àwọn ni Òyìnbó ń pè sí ìpàdé. Mùsùlùmí pọ̀ ní Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọ ni ilé ìwé wà, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí lè jáde pẹ̀lú orúkọ ìrìbọmi. Nítorí náà wọ́n fi àwọn ọmọ wọn sí ilé kéú nìkan. Ohun tí èyí yọrí sí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀wé Òyìnbó ń fojú ẹ̀sìn àwọn púrúǹtù wo Ìsìláàmù. Shitta kò bá wọn jiyàn. Ọjà ni ó gbájú mọ́.

Obì, awọ ẹran, ẹ̀gúsí àti aṣọ òkè òkun ni ó ń tà. Ẹni tí ó bá mọ òwò obì yóò mọ̀ pé òwò ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Inú agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́ ni obì ń wà. Ẹni tí ó rà á kò rí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, obì sì lè ti máa jẹrà lábẹ́ ewé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Bí olówò bá rẹ́ni jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìròyìn rẹ̀ yóò ti dé ọjà kejì kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Ní 1864, Shitta gbé òwò rẹ̀ lọ sí ẹkùn odò Ọya, ó sì fi Yusuf àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó láti máa bójú tó ọjà níbẹ̀. Láti Freetown dé Èkó, láti Èkó dé etí odò Ọya, òwò tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lórí irọ́. Kì í ṣe gbogbo olówó ayé ìgbà náà ni a lè sọ èyí nípa rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni gbèsè gbé ṣubú.

Nígbà tí ó là, kò fi owó náà pamọ́. Ó ṣe ìrànlọ́wọ́ fún mọ́sálásí Fourah Bay, ní àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Àwọn Mùsùlùmí Èkó fi í jẹ Sẹ́ríkí Mùsùlùmí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá dáwọ́ lé mọ́sálásí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní, ní òpópónà Martins ní ìsàlẹ̀ Èkó. Owó tí ó ná lé e lórí kò dín ní £3,000, owó ńlá gbáà láyé ìgbà náà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó mú iṣẹ́ ọnà ìkọ́lé Bùràsíìlì wá sí Èkó, ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter ni ó darí ètò. Ọba Oyèkàn Kìíní wà ní ìjókòó. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé tí ó ti jẹ́ àlùfáà ìjọ rí, wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni James Davies, John Otunba Payne àti Richard Blaize, àwọn Sàró ọmọ ìjọ tí gbogbo Èkó mọ̀. Kò sí ẹni tí ó fi dandan mú wọn wá. Lójú tèmi, wọ́n wá nítorí pé wọ́n mọ ọkùnrin náà, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí mọ́sálásí tó wà.

Àlejò tí ó yani lẹ́nu jù ni Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò láti Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù ní 1887. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ni ó rán an wá. Ó gbé àmì ẹ̀yẹ Mecidiye onípò kẹta wá fún Shitta, ó sì fi oyè Bey kún orúkọ rẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ náà ni àwọn ènìyàn ń rántí jù, ṣùgbọ́n lẹ́tà Sultan tí ó tẹ̀ lé e níye lórí jù ú lọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìmọ̀ràn pé kí àwọn Mùsùlùmí Èkó jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàlódé pẹ̀lú kéú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn míṣọ́nnárì ni olórí Mùsùlùmí wá sọ yìí, nínú mọ́sálásí tí oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́. Ní 1896, pẹ̀lú ìsapá Blyden, ìjọba dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Irú rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì kí ọ̀rúndún náà tó parí.

Shitta Bey kò rí ilé ìwé náà. Ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1895 ni ó kú, ọdún kan géérégé sí ọjọ́ tí a ṣí mọ́sálásí. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ ilé náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò. Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀, bí àwọn oníṣòwò ìsàlẹ̀ Èkó ti ń pọ́n ọjà kiri lójú òpópónà níwájú rẹ̀.